Rédíò Tó Ń Rẹ Ohùn Rẹ̀ Sílẹ̀

Rédíò kẹtàdínlógún ló kọ́kọ́ dákẹ́. Odile ń wo ojú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nígbà tí iná kékeré tó dúró fún un níbẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó sì di pupa. Kó tó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ìkọkàndínlógún ti tẹ̀ lé e. Ìkejìlélógún tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ó fi èékánná kan ojú ẹ̀rọ náà, kó, kó, kó, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó mọ̀ dájú pé ó wà nílé. Pupa náà kò yí padà.

Níta, igbó mépù, igi tí oje rẹ̀ dùn bí ṣúgà, ti la ẹnu. Òtútù òru tó kọjá mú débi pé igi àjà ń ké, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, oòrùn ti yọ, yìnyín orí òrùlé ti ń kán tó, tó, tó, oje sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú rọ́bà láti ara igi kan dé ara ìkejì, ó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè bọ̀ wá sí ahéré tí wọ́n ti ń sè é di oyin igi. Gbogbo ẹni tó ń dá igi mépù fún oje ní agbègbè Beauce ló mọ irú ọjọ́ yìí. Kì í ju mẹ́rin sí márùn-ún lọ lọ́dún. Bí rọ́bà kan bá já lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá gé e jẹ, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa oje á máa fa òfìfo. Ìdí nìyẹn tí Fabien, ọkọ Odile, fi so rédíò kéékèèké méjìlélógójì mọ́ ara rọ́bà káàkiri igbó náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, kí wọ́n máa ròyìn fún ìyá rédíò tó wà lórí òrùlé bí ibi tí wọ́n wà ṣe rí. Fabien ti kú. Àwọn rédíò rẹ̀ ló kù tó ń sọ̀rọ̀, àwọn náà sì ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“ODILE! KÍ LÓ DÉ?”

Ohùn bàbá ọkọ rẹ̀ fò kọjá lórí agbada bí òkúta. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín wọn. Anselme kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ki igi sínú iná lábẹ́ agbada irin gbọọrọ tí oje ti ń hó, ooru funfun bò ó dé ọrùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ni bàbá náà kò ti lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Á pariwo kí èèyàn, á pariwo béèrè ṣíbí. Ọbẹ̀ ẹ̀wà píìsì ló ń sè lójoojúmọ́, lójoojúmọ́ ni yóò sì fi ohùn tó lè jí òkú béèrè pé, “ṢÉ IYỌ̀ TÓ?” Àwọn ará abúlé ní etí rẹ̀ ti lọ. Odile kì í bá a jà sí i, kì í sì í dá a lóhùn. Á mi orí sí ẹ̀yìn bàbá náà, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Kí ni yóò tún sọ? Àpótí rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá láti Ọjọ́bọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni yóò gbé e lọ, kó lè dé Montréal, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì ní í padà. Kò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún bàbá náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi sábẹ́ àwo rẹ̀. Bàbá kà á, ó ṣẹ́ ìwé náà sí mẹ́rin, ó pariwo pé, “Ó DÁA!” ó sì dìde lọ fọ àwo.

Kò sẹ́ni tó lé Odile. Ohun tó ń lé e kò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni. Ó dá a lójú pé Fabien ti jáwọ́ nínú ìfẹ́ òun kí ikú tó mú un, báwo sì ni obìnrin ṣe fẹ́ máa ṣọ̀fọ̀ ọkùnrin tó ti kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ láìkúrò nílé?

Bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ọ̀hún dùn nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó dùn débi pé, bí ẹlòmíràn bá ròyìn rẹ̀, èèyàn á ní irọ́ ni. Fabien ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà irin ní Fermont nígbà náà, ní àríwá pátápátá, níbi tí ojú ọ̀nà ti ń parí. Fóònù kì í já geere níbẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, á gun orí òkìtì òkúta kan, á fi ọwọ́ di etí kan, á sì ké sínú fóònù:

“ODILE! MO FẸ́RÀN RẸ! ṢÉ O GBỌ́?”

Odile á máa gbọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn: “Ó gbọ́ o! Ìyá tiwa náà gbọ́ ọ nílé!” Lẹ́tà tó ń kọ kì í dín ní ojú ewé mẹ́fà. Odile á kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, á gbé e lé àyà, oorun á sì mú un lọ pẹ̀lú bébà náà lábẹ́ àgbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ló gbé e níyàwó, ó sì padà wá sínú igbó bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bí omi odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún kìíní, “káàárọ̀, ìfẹ́ ọkàn mi” ni. Ní ọdún kejì, “káàárọ̀” nìkan ló ṣẹ́ kù. Ní ọdún kẹta, káàárọ̀ gan-an di ohun àwátì. Bí Odile bá wà nídìí sítóòfù, Fabien á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, á fi ìka kan èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Odile ń kà á. Ó ń kà á bí ẹni tó ń ka irun tó ń já lórí ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kú, ìka náà tún dé. Kó, kó. Odile yí padà pẹ̀lú ìbínú tó ti ń hó nínú rẹ̀ láti ọdún kan.

“Ṣé ilẹ̀kùn ni mí, tí o fi ń kàn mí ṣáá? Àbí o ti ta ẹnu ẹ ni?”

Fabien fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ní aago mọ́kànlá, ẹ̀ka gbígbẹ kan já láti orí mépù àgbà, ó lù ú pa níbi tó lóṣòó sí lẹ́bàá rédíò kọkànlélọ́gbọ̀n. Gbólóhùn tí Odile fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn: o ti ta ẹnu ẹ.

Nígbà tí ó wá di oṣù Kejì tí wọ́n dá igi, kò sí ẹlòmíràn tí yóò máa wo àwọn rédíò náà. Odile jókòó tì wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe lágbára tó, ogún ló sì pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wọn wà lórí ogún. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́tàdínlógún. Ó di mẹ́rìnlá, ó di mọ́kànlá, ó di mẹ́jọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, púpọ̀ nínú wọn ti bọ́ sí méjì. Odile wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ọkàn rẹ̀ já. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ bí nǹkan ṣe ń kú nípa pé kí ó máa sọ̀rọ̀ kéré sí i lójoojúmọ́. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yí i, ó gba àṣẹ àtirẹ ohùn sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, ó dè wọ́n mọ́ ogún, gbogbo méjèèjìlélógójì.

“Ẹ máa sọ̀rọ̀,” ló wí fún wọn. “Nínú ilé yìí, nǹkan kan kò tún gbọdọ̀ dákẹ́ mọ́ mi lójú.”

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi lù lónìí, rédíò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti di pupa. Odile pe Maryse.

Maryse ni òun àti Fabien jọ ṣe àwọn rédíò náà nínú gáráàjì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ abúlé. Obìnrin gíga ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ bí búrẹ́dì. Orí ọ̀kadà orí yìnyín ló bá dé, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn nítorí pé páálí bátìrì kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ ǹlẹ́ o, ilé adùn!”

“TA NÌYẸN?”

“Èmi ni, Bàbá Anselme. Ẹ rọra o, mo ṣì fẹ́ lo etí mi.”

“MO RÒ PÉ Ọ̀KẸ́RẸ́ NI! ÀWỌN NI WỌ́N Ń JẸ RỌ́BÀ MI!”

“Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ga tó báyìí? Ẹ ò bá ti sè é sínú ọbẹ̀ píìsì yẹn.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “O ò ní dùn lọ́bẹ̀,” ló wí. “Egungun ti pọ̀ jù lára ẹ.” Odile gbójú sókè. Kò rántí ìgbà tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n pupa ojú kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí ó ronú jìnnà.

Maryse tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ náà. Àwàdà kúrò lójú rẹ̀.

“Ta ló dè wọ́n mọ́ ogún?”

“Èmi ni.”

“Gbogbo wọn?”

“Wọ́n ń kú lọ ni, Maryse. Ojú mi báyìí ni nọ́ńbà wọn ń wálẹ̀. Mi ò lè máa wò wọ́n níran.”

Maryse fa àga kan, ó jókòó. “Odile, ọ̀rẹ́ mi. O kó èèyàn méjìlélógójì lọ sínú òtútù, o ní kí wọ́n máa fi gbogbo ọ̀fun pariwo tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bátìrì tó yẹ kó lo ọdún méjì! Ká ní èmi ni, ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti kú.”

“Ṣùgbọ́n ohùn wọn ń lọ sílẹ̀.”

“Ó yẹ kó lọ sílẹ̀! Fabien ò ṣàlàyé fún ẹ ni?” Ó rí ojú Odile, ó sì dẹ ohùn rẹ̀. “Wò ó. Bí rédíò kan bá sọ̀rọ̀, ìyá rédíò á dá a lóhùn pé: mo gbọ́ ẹ, mo sì gbọ́ ẹ dáadáa. Bó bá ti rí i pé wọ́n gbọ́ òun dáadáa, á rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á tún gbọ́ ọ, á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí tá á fi máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nǹkan kan ò ṣe é. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ ni. Èyí tí wọn ò bá dá lóhùn ni kó o máa bẹ̀rù fún. Ìyẹn á máa gbé ohùn sókè, á máa gbé e sókè, títí bátìrì á fi tán nínú ẹ̀.”

Oje ń hó lórí iná.

“Nígbà tí a ń ṣe é,” ni Maryse tún wí, ó ti ń pín bátìrì sínú àpò méjì, “mo fi Fabien ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, ìwọ tí o máa ń ké ní Fermont bí ẹni tí wọ́n ń pa, orí mélòó lohùn tìẹ wà báyìí tí o ti délé? Ó ronú sí i, bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè gidi. Ó ní, ‘Lọ́dọ̀ Odile? Méjì.’ Ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, òpè yẹn, bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.”

Odile di etí tábìlì mú. Ó fẹ́ ní kí Maryse tún un sọ, ṣùgbọ́n Maryse ti yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Maryse tú àwọn rédíò náà sílẹ̀ kúrò lórí ogún, ó ní kí wọ́n máa díwọ̀n ohùn wọn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú lónìí dípò ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, àwọn méjèèjì sì pín igbó náà sí méjì. “Kọkànlélọ́gbọ̀n, èmi ni màá lọ ṣe ìyẹn,” ni Maryse wí jẹ́jẹ́.

“Rárá,” ni Odile wí. “Èmi ni.”

Ó wọ bàtà pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè láti ara rọ́bà kan dé ara òmíràn. Á ṣí ìdérí, á yọ bátìrì tó ti kú, á fi tuntun sí i, á pa á dé. Ní ìdí rédíò kẹsàn-án, ó rí ibi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti fi eyín dá ihò sára rọ́bà, ó dí i. Oje ń lọ nínú rọ́bà aláwọ̀ aró lókè orí rẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn bí omijé tí ń wá ojú tí yóò gbà jáde. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ẹni tí wọ́n sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún, tó wá kà á sí àjẹkù ńkọ́? Ó ń ronú rẹ̀ láti igi dé igi. Ìka lórí èjìká, ẹ̀ẹ̀mejì. Lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá ó bínú, bóyá ó rẹ́rìn-ín, bóyá ó jí tàbí ó ṣì ń tòògbé nídìí kọfí. Kò ṣèèṣì fò ó lọ́jọ́ kan rí. Odile ló ń kà á, kò sì rí i.

Aago mẹ́rin ti lù kọjá kí ó tó dé ìdí mépù àgbà náà. Kò tíì dé ibẹ̀ láti oṣù Kọkànlá. Ojú ibi tí ẹ̀ka ti ya kúrò lára igi náà ti dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n oje ń sun níbẹ̀, ó ń kán sórí yìnyín tó bo ilẹ̀. Odile kò wo ilẹ̀ náà pẹ́. Ó ṣí rédíò kọkànlélọ́gbọ̀n, ó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú ìka tó ti kú fún òtútù, ó sì yọ fóònù rẹ̀ láti wo nọ́ńbà.

Ogún. Kò sí ìdáhùn. Ogún. Kò sí ìdáhùn. Ó di fóònù náà mú gírígírí. Ogún.

Lẹ́yìn náà ni àmì kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Wọ́n ti gbọ́ ọ.

Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rìnlá. Odile kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń wò ó bí ó ṣe ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ wálé, tí kò nílò láti ké mọ́ nítorí ó ti rí iná lójú fèrèsé. Mọ́kànlá. Mẹ́jọ. Márùn-ún.

Méjì.

Ó dúró lórí méjì. Odile gbé ọwọ́ lé èjìká ara rẹ̀, níbi tí ìka náà máa ń bà sí.

“Mo gbọ́,” ló wí.

Oje kán. Kò sí ohun mìíràn.

“Mo gbọ́, Fabien.” Ó dúró. “Mo gbọ́ o!” Ó tún dúró. Ohùn rẹ̀ ń gòkè láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́, títí tí ó fi di igbe tí ń ya ọ̀fun: “MO GBỌ́ Ọ! FABIEN, MO GBỌ́ Ọ!” Ẹyẹ kan fò kúrò lórí igi. Igbó gba ohùn náà, kò dá a padà. Odile fi orí ti ara mépù, ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, nítorí lọ́jọ́ ìsìnkú, ó rò pé ẹni tó ti lọ tipẹ́ ni wọ́n ń sin.

Láti ìsàlẹ̀ òkè, ohùn kan gun igbó bọ̀.

“ODILE! ỌBẸ̀ TI JINÁ O!”

Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ, ojoojúmọ́ ló ń mú un bínú. Lónìí, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹ́tí. Bàbá náà ké, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó tún ké, ohùn rẹ̀ ga ju ti ìṣáájú lọ. Ó tún dákẹ́. Ní ìgbà kẹta, ohùn náà lọ sókè títí ó fi ya ní ìparí.

Adití kì í dákẹ́ láti tẹ́tí.

Odile nu ojú rẹ̀, ó dìde.

Nígbà tí ó dé ahéré, Maryse ti lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí pupa kankan mọ́. Anselme kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ro ọbẹ̀. Ó ti gbé àpótí Odile wá láti inú ilé, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti nu eruku ara rẹ̀.

“O TI DÉ? BỌ́Ọ̀SÌ RẸ Ń BỌ̀ O! JẸUN KÍ O TÓ LỌ!”

Odile kò mi orí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ agbada kọjá, ó yí lọ dúró síwájú bàbá náà, níbi tí ojú wọn ti ṣe mẹ́rin.

“Mo ti dé, Bàbá.”

Ìgbakọ dúró lọ́wọ́ Anselme. Ó wò ó bí ẹni tí ìtàkùn ẹ̀yìn ọgbà bá sọ̀rọ̀.

“ỌBẸ̀ NÁÀ—”

“Mo gbọ́, Bàbá. Láti orí òkè ni mo ti ń gbọ́ yín.”

Bàbá náà tún ro ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Mo fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ṣì le díẹ̀.

“Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀.”

“Fabien fẹ́ràn ẹran náà.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Tèmi pàápàá, ó máa ń yọ ọ́ jẹ nínú àwo mi.”

Anselme bu ọbẹ̀ sínú abọ́, ó sì gbé e ka iwájú Odile. Odile jókòó. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìsàlẹ̀ abúlé, bọ́ọ̀sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá náà wo àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Odile fa abọ́ náà mọ́ra, ó bu ṣíbí kan, ó fi sẹ́nu.

“Ṣé iyọ̀ tó?”

Ohùn náà kéré débi pé híhó oje fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Odile gbọ́ ọ.